Bí ẹ ṣe lè rán aṣọ Freyja oníyẹ́ àṣá nílẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ múra bí òrìṣà ilẹ̀ àwọn Viking, yálà fún ọjọ́ kọ́stúmù lọ́gbà yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ni o, àbí fún fọ́tò ọjọ́ ìbí, àbí ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi táwọn ọmọ kọ́míìkì ti ń pàdé l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi ara yín ṣe. Ohun tó ń ba irú aṣọ báyìí jẹ́ kì í ṣe àìsówó, àìmọ ìtàn ni. Ẹni tí ò mọ ìtàn á dé akoto oníwo, á gbé idà, á so awọ mọ́ èjìká, á tún fi ọ̀dà pupa kun ojú, kò wá ní sẹ́ni tó máa lè nawọ́ sí i pé òrìṣà báyìí lèyí.

Freyja ni mo fẹ́ ká jọ rán. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ, mo sì gbà pé aṣọ ẹ̀ máa yọ dáadáa lọ́wọ́ àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, torí àwa mọ̀ pé wíwọ aṣọ yàtọ̀ sí mímúra. Ẹni tó bá ti dúró l'Ójúde Ọba rí ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tó wo bí régbérégbé kan ṣe ń wọlé, fìlà, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀, bàtà, ìrìn ẹsẹ̀, tó tún wo àwọn ẹlẹ́ṣin bí wọ́n ṣe ṣe ẹṣin gan-an lọ́ṣọ̀ọ́, onítọ̀hún ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ: nǹkan méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń sọ ẹni téèyàn jẹ́, gbogbo ìyókù kàn ń tẹ̀lé wọn ni.

Ta wá ni Freyja? Òrìṣà obìnrin ni, láàárín àwọn ará Norway, Sweden, Denmark àti Iceland láyé àwọn Viking, kí wọ́n tó gba ẹ̀sìn Kírísítì. Ìfẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọrọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ogun náà wà ńbẹ̀. Ìdajì àwọn tó bá kú sójú ogun, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń lọ, ní pápá kan tó ń jẹ́ Fólkvangr, Odin, olórí àwọn òrìṣà wọn, ló ń kó ìdajì yòókù. Ológbò méjì ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó ní ẹ̀gbà ọrùn kan tó ń jẹ́ Brísingamen. Ọkọ ẹ̀ máa ń rìnrìn àjò lọ pẹ́, òun á máa sunkún wá a kiri, omijé ẹ̀ sì jẹ́ wúrà pupa. Ó tún ní aṣọ ìyẹ́ àṣá, ẹni tó bá gbé e wọ̀ á fò. Ọ̀gbẹ́ni Snorri Sturluson, ará Iceland, ló kọ púpọ̀ nínú ẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1220, àwọn ewì tó dàgbà jù ú lọ sì wà nínú ìwé aláfọwọ́kọ kan tí wọ́n ń pè ní Codex Regius, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí 1270. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú aṣọ yín, kì í ṣe inú fíìmù, torí àwọn oní-fíìmù ti dá àrà tiwọn sí i, tẹ́ ẹ bá sì wo tiwọn rán, tiwọn lẹ rán yẹn.

Ìtàn kan wà nínú ọ̀kan lára àwọn ewì yẹn tó wúlò fún wa gan-an. Òmìrán kan, Thrym, jí òòlù Thor, òrìṣà àrá wọn, gbé, ó rì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀ jìnnà, ó ní òun ò ní dá a padà àfi tí wọ́n bá fi Freyja fún òun láya. Loki, òrìṣà ẹlẹ́tàn àárín wọn, ló lọ yá aṣọ ìyẹ́ lọ́wọ́ Freyja kó lè fò lọ wádìí ibi tí òòlù wà, Freyja sì dá a lóhùn pé ì báà jẹ́ fàdákà ni, ì báà jẹ́ wúrà ni, òun á yá a. Loki gbé e wọ̀, ó fò, ewì yẹn wá sọ ọ́ pé ìyẹ́ aṣọ náà ń dún bó ṣe ń lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, pé aṣọ yìí ń dún, a máa padà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ní kí Freyja múra ìyàwó, inú bí i, ó mí kanlẹ̀ tìbínú-tìbínú débi pé gbọ̀ngán mì tìtì, Brísingamen já bọ́ lọ́rùn ẹ̀. Ni Heimdall, òrìṣà míì láàárín wọn, bá dámọ̀ràn pé kí wọ́n wọ aṣọ ìyàwó fún Thor fúnra ẹ̀: kí wọ́n fi Brísingamen sí i lọ́rùn, kí kọ́kọ́rọ́ máa dún nídìí ẹ̀, kí aṣọ obìnrin bò ó lórúnkún, kí òkúta iyebíye gbòòrò wà láyà ẹ̀, kí wọ́n sì wé e lórí dáadáa. Ẹ wò ó bí ewì kan ṣoṣo ṣe to gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa rà fún yín.

Kí n yára sọ ti ìwo kúrò ńlẹ̀. Àwọn Viking ò dé akoto oníwo. Ará Jámánì kan tó ń ya aṣọ eré, Carl Emil Doepler, ló fi ìwo sí i fún eré olórin ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Bayreuth ní 1876, àtìgbà yẹn ló ti lẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn lọ́kàn. Akoto tí wọ́n hú jáde ní Gjermundbu ní Norway ní 1943 ò níwo kankan, irin ni, ó rí róbótó, ó ní nǹkan tó ń bo àyíká ojú. Freyja ò sì nílò akoto rárá.

Ẹ mú bébà, ẹ ya èèyàn sí i, kò di dandan kó dára, ẹ ṣáà yà á. Nǹkan mẹ́ta ni kó jẹ́ olórí: aṣọ ìyẹ́, ẹ̀gbà ọrùn, omijé wúrà. Ohun yòówù tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ fi kún un, ẹ bi ara yín pé ṣé ó ń gbé àwọn mẹ́ta yìí ga ni àbí ó ń bá wọn jà. Àwọ̀ náà, ẹ má jẹ́ kó pọ̀. Àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ sányán, funfun tó ti ṣú díẹ̀, wúrà, ó parí. Tẹ́ ẹ bá gbé pọ́pù àti búlúù tó ń tàn kún un, ojú àwọn èèyàn ò ní rí ìyẹ́ yín mọ́.

Ó yá, aṣọ ìyẹ́ gangan. Ibí niṣẹ́ wà.

Ìyẹ́ ò wọ́n nílẹ̀ wa, dídà ni wọ́n ń dà á nù. Ẹ lọ bá àwọn tó ń pa adìẹ lọ́jà, Òkè-Ajé tàbí Ìta-Ọ̀sù ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí tẹ́ ẹ bá wà ní Rẹ́mọ, ẹ lọ sí Ṣàgámù, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bá ìyá tàbí bọ̀ọ̀dá tó ń tu adìẹ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ fún wọn ní àpò tiyín lọ́wọ́, ẹ fi nǹkan díẹ̀ tì wọ́n. Èyí tí wọ́n bá fọwọ́ tu ni kẹ́ ẹ gbà, máṣíìnì tó ń tu adìẹ máa ń ṣẹ́ igi àárín ìyẹ́ wẹ́wẹ́. Adìẹ tó ń yé ẹyin, àwọn pupa yẹn, ìyẹ́ wọn ló súnmọ́ àwọ̀ àṣá jù. Tòlótòló ni yóò fún yín ní ìyẹ́ gígùn tó le, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fa ti apá àti ìrù yọ kí wọ́n tó ki ẹran bọ omi gbígbóná. Tẹ́ ẹ bá rí ẹtù, ẹ̀yin lẹ ṣoríire, ìyẹ́ ẹtù tó ní tóótòòtó funfun yẹn lẹ́bàá ọrùn, ẹ ò ní fẹ́ bọ́ ọ. Bíróílà funfun náà dáa torí ó ń gba aró. Ẹ má wá ìyẹ́ àṣá gidi kiri, ẹ má sì ní kẹ́nikẹ́ni pa á fún yín, aṣọ àṣá ò ní kí àṣá kú.

Ìlera ńkọ́? Bird flu wọ Nàìjíríà ní 2006, kì í sì í ṣe nǹkan eré, ó ń ran èèyàn. Oko tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ pé adìẹ ń ṣubú kú lójijì, ẹ má mú ìyẹ́ kankan níbẹ̀, kódà kí wọ́n fi tọrẹ. Ẹ fi nǹkan bo imú àti ẹnu tẹ́ ẹ bá ń ṣa ìyẹ́, ẹ fọ ọwọ́ yín tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ má ṣe é nínú ilé ìdáná.

Tẹ́ ẹ bá dé ilé, omi tútù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò, torí omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gan mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọṣọ, ẹ rẹ ẹ́, ẹ máa fi ọwọ́ rọra yí i, ẹ má bó o bí aṣọ, kó má baà fọ́n ká. Ẹ dà á nù, ẹ tún ṣe é títí omi yóò fi mọ́. Ẹ wá kó gbogbo ẹ̀ sínú néẹ̀tì ẹ̀fọn àtijọ́, ẹ dì í lẹ́nu, ẹ gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn wà àmọ́ tí oòrùn ò ti ràn tààrà, ẹ máa gbọ̀n ọ́n nígbà gbogbo. Ìyẹ́ tó tutù máa ń burú lójú gan-an, á rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà, bó bá ti ń gbẹ ló máa ń là padà, dírayà irun náà sì máa ń mú un yá. Nígbà tó bá gbẹ kanrinkanrin, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ fi sínú fírísà bí ọjọ́ mélòó kan tí iná bá wà, kòkòrò tó bá fara pamọ́ síbẹ̀ á kú.

Ẹ ṣà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́: gígùn tó le, gígùn tó rọ̀, kékeré, àti ìhùùhù. Èyí tó bá ti ṣẹ́, ẹ sọ ọ́ nù. Iṣẹ́ yìí ń súni o, àmọ́ ẹni tó bá fò ó, á máa fi ọwọ́ wá ìyẹ́ kan nínú òkìtì ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ran ẹyọ kan, àárín òru á bá a níbẹ̀.

Fún àwọ̀, èèpo àlùbọ́sà tẹ́ ẹ bá sè, tẹ́ ẹ sẹ́, á fún funfun yẹn ní àwọ̀ oyin tó ń lọ sí pupa rúsúrúsú, ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó rẹ ìyẹ́ sí i, tó bá ń hó, ìyẹ́ á ká kò. Àwọ̀ tí wọ́n fi ń po kéèkì náà máa ń mú ìyẹ́ tẹ́ ẹ bá da fínígà sínú omi ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ rí bákan náà. Ara àṣá ní ìlà dúdú àti ìlà tó mọ́ tó ń gba ara wọn kọjá, nítorí náà ẹ ṣe ìdá kan kó ṣú, ìdá kan kó mọ́, ìdá kan kó wà láàárín.

Aṣọ tí ìyẹ́ máa jókòó lé: ẹ ra yáàdì méjì ààbọ̀ kọ́tìnnì tó nípọn díẹ̀, fífẹ̀ íǹṣì 45, àwọ̀ ilẹ̀, kó má jẹ́ funfun, torí ibi tí ìyẹ́ bá ti là á máa hàn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Ẹ wá àárín etí aṣọ lápá gígùn, ẹ fi ìṣó tàbí ọmọ ìyá kan di okùn mú níbẹ̀, ẹ so ṣọ́ọ̀kì mọ́ okùn náà ní íǹṣì 44, ẹ fà á yípo láti etí kan dé èkejì. Ààbọ̀ òbìrìkìtì nìyẹn. Ẹ fa òmíràn láti ojú kan náà ní íǹṣì 5, ọrùn nìyẹn. Ẹ gé e, ohun tó kù lọ́wọ́ yín á gùn tó íǹṣì 39 láti ọrùn sísàlẹ̀, lára ọ̀pọ̀ obìnrin á dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Ẹ má jẹ́ kó wọ́ ilẹ̀ rárá, eruku pupa ilẹ̀ wa ò ní dárí ji ìyẹ́. Ẹ lẹ gum stay, aṣọ onígọ́ọ̀mù tí télọ̀ fi ń mú aṣọ le, mọ́ ibi ọrùn àti èjìká kó lè gba ìwúwo, ẹ fi ìkọ́ tó lágbára sí iwájú ọrùn, ẹ sì jẹ́ kí télọ̀ ká etí ẹ̀ kí iṣẹ́ ìyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Títo ìyẹ́ dà bí kíkan páànù òrùlé: ìsàlẹ̀ lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ń gòkè bọ̀, ìlà òkè á máa bo ìdí ìlà ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lókè á máa rí okùn àti ìdí ìyẹ́ níta ni. Ẹ má ran ìyẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ mọ́ aṣọ náà tààrà, ẹ gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí íǹṣì kan ní fífẹ̀, ẹ to ìdí ìyẹ́ sí àárín ẹ̀, ẹ pa á dé, ẹ lọ̀ ọ́ kọjá lábẹ́ máṣíìnì lẹ́ẹ̀mejì, rírán tó ń rìn síbí sọ́hùn-ún yẹn ló ń di igi ìyẹ́ mú jù. Tẹ́ ẹ bá ti ní okùn ìyẹ́ gígùn báyìí lẹ ó wá máa ran okùn náà mọ́ aṣọ ní ìlà-ní-ìlà. Nísàlẹ̀, ìlà kan sí èkejì lè jìnnà tó íǹṣì 3, láàárín 2, lẹ́bàá ọrùn kó jẹ́ 1. Gọ́ọ̀mù gbígbóná yá lóòótọ́, ó sì wà fún ìhùùhù ọrùn tí ò wúwo, àmọ́ ẹ má fi ẹ̀mí ìlà ìsàlẹ̀ lé e lọ́wọ́, ooru ọ̀sán wa á mú un rọ̀, ìyẹ́ á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tẹ́ ẹ bá ti ń jó.

Mo ní ká padà síbi ìró. Ní ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìyẹ́ apá tòlótòló ni kẹ́ ẹ lò, ẹ tò wọ́n súnmọ́ra kí wọ́n fi díẹ̀ gun ara wọn, ẹ jẹ́ kí ìdajì ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan yọ kọjá etí aṣọ láìsí ohun tó dì í mú. Tẹ́ ẹ bá yí ara padà, wọ́n á máa gbá ara wọn, ṣàà, ṣàà. Èmi gbà pé ohun kan ṣoṣo yìí ló ń jẹ́ kí aṣọ yín kúrò ní kọ́stúmù tí wọ́n rà lọ́jà, torí ewì yẹn fúnra ẹ̀ ló ní kó máa dún. Ẹ tún fi rọ́bà rán òrùka kékeré méjì sí inú etí iwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí íǹṣì 24 sí ọrùn, ọwọ́ yín á máa wọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bá gbé apá sókè, aṣọ náà á là, á di ìyẹ́ apá, ìgbà yẹn ni kí oní-fọ́tò tẹ̀ ẹ́.

Tí ìyẹ́ ò bá tó, ẹ má fọ́n ọn ká tó fi máa rí gbáṣagbàṣa. Ẹ gé aṣọ kúrú kó dé ìgbúnwọ́, kẹ́ ẹ to ìyẹ́ kún un dáadáa. Kékeré tó kún sàn ju ńlá tó là.

Aṣọ abẹ́ ò le tó yẹn. Ní Birka, ìlú ọjà àtijọ́ kan lórí erékùṣù ní Sweden, Hjalmar Stolpe bẹ̀rẹ̀ sí í hú ibojì àwọn ìgbà Viking láwọn ọdún 1870, ọ̀pọ̀ nínú ohun táa mọ̀ nípa ìmúra obìnrin wọn, ibẹ̀ ló ti wá. Aṣọ gígùn alápá gígùn lábẹ́, aṣọ kejì tí ò lápá lórí ẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ abíyá, okùn méjì láti ẹ̀yìn gba orí èjìká wá síwájú, bróòṣì onídẹ ńlá méjì ló wá ń so okùn mọ́ aṣọ láyà, ìlẹ̀kẹ̀ á sì so rọ̀ láti bróòṣì kan dé èkejì. Òwú àgùntàn tó nípọn ni wọ́n ń wọ̀ nítorí òtútù, àwa ò ní wọ òwú àgùntàn ní Ìjẹ̀bú-Igbó nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Kọ́tìnnì fẹ́lẹ́ fún ti abẹ́. Fún ti òkè, sányán ló pé jù, tàbí aṣọ òkè tó ní àwọ̀ ilẹ̀, ẹ gba ògbólógbòó lọ́wọ́ màmá àgbà tó bá yọ̀ǹda ẹ̀, tí ò bá sí, aṣọ sẹ́nétọ̀ aláwọ̀ kan. Kò gbọdọ̀ jẹ́ léèsì, kò gbọdọ̀ jẹ́ àǹkárá. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ẹ ṣàlàyé fún un dáadáa, ẹ fi àwòrán yín hàn án, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fún un nídìí, ẹ má fi síìbù sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó sọ̀ wálẹ̀ gbọọrọ," torí tẹ́ ẹ bá dákẹ́, aṣọ ọ̀wàm̀bẹ̀ ni wọ́n á rán fún yín.

Bróòṣì yẹn ò wọ́n. Ike tí wọ́n ń tọ́jú ọṣẹ sí tí wọ́n bá ń rìnrìn àjò, èyí tó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ìdérí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí bróòṣì àwọn ará Birka ṣe tó. Ẹ ra méjì tó bára mu. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ ní ọnà tó ń lọ́ mọ́ ara wọn, ẹ lẹ ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké sí àárín, ẹ fi ọ̀dà sípíréè dúdú fọ́n ọn, nígbà tó bá gbẹ kẹ́ ẹ fi fóòmù tó ní ọ̀dà wúrà díẹ̀ gba orí ọnà náà nìkan. Dúdú tó kù nínú kòtò ọnà ló máa ń jẹ́ kó jọ idẹ gidi. Ẹ lẹ pín-ìn-nì méjì sínú, kì í ṣe ẹyọ kan, kó má baà máa yí.

Brísingamen wá ńkọ́? Kò sí ìwé àtijọ́ kan tó ṣàpèjúwe bó ṣe rí, nítorí náà òmìnira wà. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ lo ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oyin, torí òkun Baltic tó wà lápá ibẹ̀ ló ń fọ́ oje igi àtayébáyé tó ti di òkúta jáde, aláwọ̀ oyin ni, àwọn Viking sì ń tà á káàkiri. Ìlẹ̀kẹ̀ ike aláwọ̀ oyin wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó. Ẹ ṣe é ní ìpele mẹ́ta, èyí tó tóbi jù láàárín, kí nǹkan onídẹ máa pààlà láàárín wọn. Okùn ọ̀rá táwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ fi ń pẹja ni kẹ́ ẹ fi sín in, kò ní já bọ̀rọ̀. Iyùn olóyè, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ọ̀pá kan ṣì kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání. Nínú ìtàn Erik Pupa, àwọn ará Iceland ṣàpèjúwe obìnrin aríran kan ní Greenland, Thorbjörg, aṣọ ìborùn búlúù tó ní òkúta títí dé etí, ìlẹ̀kẹ̀ díńgí lọ́rùn, fìlà awọ ọ̀dọ́ àgùntàn dúdú tí wọ́n fi awọ ológbò funfun tẹ́ nínú, ìbọ̀wọ́ awọ ológbò, àti ọ̀pá tó ní kókó onídẹ lórí. Iṣẹ́ aríran yẹn, Freyja ni wọ́n ní ó fi kọ́ àwọn òrìṣà yòókù, ọ̀pá náà tọ́ sí i. Irin tí wọ́n fi ń kọ́ kọ́tìnnì, èyí tó ní kókó lórí, ti ṣe tán lọ́jà, ẹ kàn fi okùn ọ̀gbọ̀ wé ibi tẹ́ ẹ máa dì mú. Ti ológbò, ẹ fi aṣọ funfun onírun ká etí ọwọ́ aṣọ abẹ́, ó tó. Ẹ so kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ mẹ́rin márùn-ún mọ́ ìgbànú.

Lórí irun, mo fẹ́ sọ ọ́ kó yé wa: ẹ má lọ ra wíìgì aláwọ̀ òféfèé, ẹ má fi páńkéèkì sọ ara yín di funfun. Ìwé àtijọ́ ò sọ àwọ̀ irun Freyja fún wa, Sif ìyàwó Thor ni ẹni tí irun ẹ̀ jẹ́ wúrà. Ṣùkú tó ga, tẹ́ ẹ fi òwú aláwọ̀ wúrà kó díẹ̀ nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ ki ìyẹ́ ẹtù méjì bọ̀ lẹ́yìn etí, ó bá ojú wa mu, ó sì bá aṣọ náà mu. Omijé wúrà, ẹ fi atíkè wúrà ojú tàbí ti ètè fà á láti abẹ́ ojú wálẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìlà kan tàbí méjì, kó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, kó nípọn nísàlẹ̀. Yẹtuyẹtu tí wọ́n fi ń ṣe káàdì, ẹ má jẹ́ kó súnmọ́ ojú yín láéláé, ó lè họ ẹyin ojú. Bàtà, bàtà aláwọ pẹlẹbẹ, ọ̀rọ̀ parí.

Àwọn nǹkan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn. Ẹ ó rí ìtàgbè, aṣọ olónà tó ní ṣàkì gígùn létí, ojú ló máa ń fa mọ́ra, ẹ ó rò pé á dáa ní èjìká Freyja. Ẹ fi sílẹ̀. Aṣọ Òṣùgbó ni, ipò àti àṣẹ ló wà lára ẹ̀. Bákan náà, ẹ má fi ìko àti ẹní bo ara láti orí délẹ̀ pé ẹ fẹ́ ṣe àrà, torí lójú Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, Agẹmọ nìyẹn, Agẹmọ sì ní èèwọ̀ tiẹ̀ tẹ́nìkan ò gbọdọ̀ fi ṣe eré. Ìdí kan náà wà tó fi yẹ kẹ́ ẹ bọ̀wọ̀ fún Freyja, àwọn kan ṣì ń bọ àwọn òrìṣà yẹn lónìí, ní Iceland wọ́n dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn wọn sílẹ̀ ní 1972, Ásatrúarfélagið ni wọ́n ń pè é. Tí ìyá yín bá wá bèèrè pé òrìṣà ta lẹ fẹ́ gbé wọlé, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ sọ ìtàn Thor tó wọṣọ ìyàwó fún wọn. Ọ̀rọ̀ á wọ̀.

Ẹni tí Freyja ò bá wù, Odin rọrùn gan-an lọ́dọ̀ wa: akẹtẹ̀ etí gbòòrò, aṣọ ẹtù aláró búlúù tó ṣú lé èjìká, ọ̀kọ̀ kan, ẹyẹ ìwò méjì, Huginn àti Muninn, tẹ́ ẹ fi fóòmù gé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èjìká kan. Ojú kan ló fi sílẹ̀ ní kànga Mímir kó lè mu omi ọgbọ́n, ẹ má di ojú yín pa rin lójú títì o, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ lè ríran gbà bò ó. Hel, tó ni ìlú àwọn òkú, ìdajì ara ẹ̀ dúdú bí aró, ìdajì ní àwọ̀ ẹran ara, aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀ láàárín gbùngbùn ti tó. Fún ọmọ kékeré, Iðunn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ápù, èso táwọn òrìṣà ń jẹ tí wọn ò fi ń darúgbó.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ má wọ aṣọ ìyẹ́ yẹn gun ọ̀kadà. Ẹ ká a sínú bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì, kí ẹ̀yìn ìyẹ́ dojú kọ ara wọn, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ wọ̀ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ẹ mu omi dáadáa torí ó ń mú ooru. Ẹ jìnnà sí àbẹ́là, sí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, síbi tí wọ́n ti ń yan sùyà, ìyẹ́ máa ń gbaná. Òjò ò lè pa á, ẹ kàn gbé e kọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi dírayà lé e. Ẹ má tọ́jú ẹ̀ sínú ọ̀rá, á bu, ẹ fi bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì àtijọ́ bò ó lórí háńgà tó nípọn, kí kánfọ̀ wà nítòsí, kí ológbò ilé má sì ráyè débẹ̀. Ìyẹ́ tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dì í sọ́tọ̀ sínú àpò bébà pẹ̀lú okùn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ àti òwú tẹ́ ẹ fi rán an, òun lẹ ó fi máa dí ibi tó bá là.